Bí àṣẹ MC ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti bí adójútòfò ṣe di aṣọ́nà rẹ̀

Ṣáájú ọdún 1935, ẹni tó bá ti ní lọ́rì ní Amẹ́ríkà lè máa kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ìjọba àpapọ̀ kì í bi í léèrè ìwé àṣẹ, èyí tí wọ́n wá ń pè ní àṣẹ MC. Àwọn ìpínlẹ̀ ló gbìyànjú láti máa dí ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Buck fẹ́ máa fi mọ́tò ná Seattle ní Washington sí Portland ní Oregon, ìpínlẹ̀ Washington ní ọlọ́kọ̀ ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà yẹn. Ó pẹjọ́. Lọ́dún 1925, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre pé ìpínlẹ̀ kan kò lè torí bẹ́ẹ̀ dí ẹni tó ń ná ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, lọ́rì pọ̀ ju ẹrù lọ. Àwọn ọlọ́rì ń já owó ara wọn wálẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè sì ń pariwo pé òfin de àwọn, kò de ọlọ́rì. Ní oṣù kẹjọ 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin tó kó ọlọ́rì sábẹ́ ICC, àjọ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ fún rélùwéè láti 1887. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà MC ti ṣẹ̀.

Ẹni tó ti ń kẹ́rù fún gbogbo ayé kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà gba àṣẹ tirẹ̀ láìjanpata. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀ràn kàn. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ará ìlú nílò òun, àwọn tó ti wà níbẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde ta kò ó. Ta ló máa rí abánidíje tuntun tí kò ní sọ pé òun nìkan ti tó? Ìwé àṣẹ náà tún máa ń dárúkọ ọ̀nà, a sì dárúkọ ẹrù. Ẹlòmíràn lè gbé ẹrù lọ kó má lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ohunkóhun bọ̀. Àṣẹ wá di ọjà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Ẹni tí kò rí i rà á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ ńlá, bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣe ń ṣe títí dòní, tàbí kó máa kó irè oko tútù, èyí tí òfin yọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1980, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ẹni tuntun ló wá di ẹni tó ń wá ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló gbé gbèdéke adójútòfò kalẹ̀: $750,000 fún ẹrù lásán, mílíọ̀nù kan dọ́là fún epo, mílíọ̀nù márùn-ún fún àwọn kẹ́míkà tó léwu jù. Ìbéèrè kúrò ní “ṣé ìlú nílò rẹ?”, ó di “bí o bá ṣe ènìyàn léṣe, ta ni yóò sanwó?” Adójútòfò ló wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ICC. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dá ẹni tí CDL rẹ̀, ìyẹn láísẹ́ǹsì awakọ̀ ńlá, kò tíì pé ọdún méjì lóhùn, owó tí wọ́n sì ń bù lé àṣẹ tuntun ga gan-an.

ICC kógbá sílé ní ìparí 1995. FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ akẹ́rù, ló ń fúnni ní àṣẹ láti ọdún 2000. $300 ni owó ìforúkọsílẹ̀, wọn kì í dá a padà. Wọ́n á gbé orúkọ síta fún ọjọ́ 10 fún ẹni tó bá ní àtakò, ohun tó ṣẹ́kù lára ìjà 1935. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé adójútòfò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀: ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń fi fọ́ọ̀mù BMC-91 tàbí 91X ṣọwọ́. Fọ́ọ̀mù BOC-3 ń dárúkọ aṣojú tó máa gba ìwé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe má bàa wá ọlọ́kọ̀ káàkiri. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá tíì dé, àṣẹ kò ṣiṣẹ́, kódà bí nọ́ńbà USDOT, tí ìjọba fi ń dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀, ti jáde.

Orúkọ àti àdírẹ́sì ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ohun tó wà lórí ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ bá ti FMCSA mu pátápátá, títí kan “LLC” tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn tó fi orúkọ Yorùbá gígùn sọ ilé-iṣẹ́ wọn ṣọ́ra, lẹ́tà kan tí aṣojú adójútòfò bá gbójú fò ti tó. Ẹ béèrè iye tí adójútòfò máa gbà kí ẹ tó san $300, àmọ́ ẹ má tètè jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kí owó má bàa máa lọ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Láti 2011 ni òfin ti yọ ọ̀ranyàn adójútòfò ẹrù kúrò, àfi fún àwọn tó ń kó ẹrù ilé. Àwọn alágbàtà tó ń fún ọlọ́kọ̀ ní ẹrù kò yọ ọ́. $100,000 ni wọ́n sábà máa ń béèrè lórí ẹrù, àti mílíọ̀nù kan dípò $750,000. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fún àṣẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ní ẹrù rárá. Ìwé tí àwọn ẹni tuntun ń ṣì lóye jù ni MCS-90, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìwé adójútòfò: ẹni tó fara pa ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ọlọ́kọ̀. Bí ìjàǹbá bá bọ́ sí ibi tí ìwé adójútòfò kò dé, ilé-iṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún ẹni tó fara pa, á sì yíjú sí ọlọ́kọ̀ láti gbà á padà.

Bí ọlọ́kọ̀ kò bá san owó adójútòfò oṣooṣù, adójútòfò á fún FMCSA ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà àṣẹ lè bọ́. Òfin 1999 tó bí FMCSA sì tún fi àyẹ̀wò ẹni tuntun kún un: oṣù 18 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọlọ́kọ̀, wọ́n á sì yẹ ìwé rẹ̀ wò láàárín rẹ̀. Ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń yan awakọ̀ fún àyẹ̀wò oògùn olóró àti ọtí. Bí kò bá ní ètò àyẹ̀wò yìí, ìyẹn nìkan ti tó láti mú kó kùnà.