Ta ló ń pa MySQL lóru?

Bí ètò kan bá kú lórí sáfà lóru, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká tan án padà. Sáìtì á jí, oníbàárà á dákẹ́, ó di alẹ́ mìíràn. Ẹ ní sùúrù ná. Lórí Linux, àkọsílẹ̀ ikú sábà máa ń wà, àmọ́ ó lè má sí níbi tí ẹ ti ń wá a.

Ẹ tẹ `journalctl -u mysql`, àṣẹ tó ń ka àkọsílẹ̀ nípa MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì sáìtì. Bí ẹ bá rí `code=killed, status=9/KILL`, MySQL kò ṣàìsàn o, wọ́n pa á ni. Ẹni tí wọ́n bá fi sígínà 9 (`KILL`), àṣẹ ikú tí kò ṣeé kọ̀, pa kì í ráyè sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ MySQL fúnra rẹ̀ kì í fi í sọ nǹkan kan nípa ikú náà. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ni kẹ́ ẹ bi: `journalctl -k | grep -i "out of memory"`. Èsì tó máa ń wá rèé:

`Out of memory: Killed process 812 (mysqld)`

OOM killer, apá kernel tó ń pa ètò nígbà tí mẹ́mórì bá tán, ló ṣiṣẹ́ yẹn. Linux máa ń ṣèlérí mẹ́mórì ju èyí tó ní lọ́wọ́ lọ, torí àwọn ètò kì í sábà lo gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá ní àwọn fẹ́ gba tàwọn, bí ìgbà tí àwọn tó ń dá àjọ ya bo alájọ lẹ́ẹ̀kan náà, kernel á pa ẹnì kan kí ẹ̀rọ má baà dákú.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú nìyí: ẹni tó ń jẹ mẹ́mórì jù ló sábà máa ń pa, kì í ṣe ẹni tó dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ yín ní 1 GB, WordPress tí ẹ fi ṣe sáìtì wà lórí ẹ̀, `pm.max_children` ti PHP-FPM (iye ọmọ, ìyẹn ẹ̀dà PHP, tó lè máa ṣiṣẹ́ fún sáìtì lẹ́ẹ̀kan náà) sì jẹ́ 50. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ 60 MB, 3 GB nìyẹn! Bọ́ọ̀tì, àwọn ètò tó ń bẹ sáìtì wò fúnra wọn, á ya bo sáìtì, PHP á máa bímọ lé ọmọ, MySQL ni wọ́n á sì pa. Ẹ yọ 500 MB sọ́tọ̀ fún MySQL àti ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi 60 pín ìyókù: ọmọ 8 péré ni ẹ̀rọ yín lè bọ́.

Swap, ìyẹn apá dísíìkì tí ẹ̀rọ ń lò bíi mẹ́mórì, dára, èmi náà máa ń fi sí i, àmọ́ ó kàn ń sún ọjọ́ ikú síwájú ni. `Restart=on-failure`, àṣẹ tó ń tan MySQL padà fúnra rẹ̀ bó bá kú, tún léwu díẹ̀ fún ẹni tí kì í ka àkọsílẹ̀, torí MySQL lè máa kú, kó máa jí, kó má ta sí i létí.

Bó bá jẹ́ `SEGV` (ètò fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn) lẹ rí dípò `KILL`, inú ètò náà gan-an ni àṣìṣe sábà máa ń wà. Ẹ wo `coredumpctl`, tó ń fi bí ètò ṣe wà nígbà tó kú hàn, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀dà tuntun ti jáde. Ẹ má gbàgbé `df -h`, tó ń fi àyè tó kù lórí dísíìkì hàn, pẹ̀lú, dísíìkì tó kún máa ń pa dátábéèsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa gbogbo ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tan. Bí `/var/log/journal` kò bá sí, inú mẹ́mórì ni àkọsílẹ̀ journal wà, ó máa pa rẹ́. Ẹ fi `mkdir` ṣẹ̀dá fódà náà, kẹ́ ẹ wá tẹ `journalctl --flush`.