Ta Ló Ní Kí Wọ́n Yọ Owó Náà? Bí Owó Oṣù Olùkọ́ Ṣe Ń Dín Kù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ó ń fi hàn pé ènìyàn jẹ́ ojúlówó olùkọ́ níbẹ̀, bí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Ní Abẹ́òkúta, tí kò ṣàìní olùkọ́ láti ayé àwọn míṣọ́nnárì, kì í ṣe ìròyìn mọ́ pé tíṣà kan ti gba ọ̀nà náà lọ. Ohun tí ó máa ń di ọ̀rọ̀ ni owó oṣù. Àwọn ará ilé ní Ìbarà á ti sọ iye tí wọ́n rí nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ di náírà, wọ́n á sì ti pín in sí owó iléèwé ọmọ àti owó ilé. Iye tí ó wọ báǹkì kò ní sún mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé àyọkúrò ṣàjèjì sí tíṣà ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó orí, owó ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT àti owó kọpuretífù ti mọ́ ọn lára, bí ọ̀kan kò bá sì yé e, yóò bi bọ́sà tàbí kí ó gba Òkè-Mosàn lọ, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fíìsì owó oṣù iléèwé ni ó ń yọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń pàṣẹ gbogbo rẹ̀. Àjọ owó orí, HMRC, ní tirẹ̀. Ètò ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ ní tirẹ̀. Agbanisíṣẹ́ náà sì ní èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Bí ìbéèrè bá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò pàṣẹ, wọn yóò dáhùn tìwàtìwà, ṣùgbọ́n owó kò ní padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Leicester ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ní ìpele tí ó kéré jù fún ẹni tí ó ní QTS níbi tí kì í ṣe London àti agbègbè rẹ̀: £32,916 lọ́dún, ìyẹn £2,743 lóṣù. Owó ìfẹ̀yìntì ń gba ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nǹkan bíi £203. National Insurance, ìyẹn owó tí òṣìṣẹ́ ń san sí ètò ìrànlọ́wọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, ń gba ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ó bá lé ní £1,048, nǹkan bíi £136. Owó orí ń gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, tí a sì tún yọ nǹkan bíi £1,048 tí ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀ lóṣù. Ìyẹn jẹ́ £298. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, nǹkan bíi £2,106 ni yóò wọ báǹkì.

Kì í lọ déédéé lọ́dún àkọ́kọ́, owó orí ló sì ń fà á. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ni ọdún owó orí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe oṣù Kìíní. £12,570 ni ènìyàn lè gbà lọ́dún kí owó orí tó bẹ̀rẹ̀, kóòdù tí ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ́fíìsì owó oṣù ni 1257L. Kóòdù yìí máa ń ka ọdún náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: nígbà tí olùkọ́ wa bá gba owó àkọ́kọ́ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìpín oṣù mẹ́fà nínú £12,570 náà, tí ó ju £6,000 lọ, ti ń dúró dè é láìlò. Nítorí náà, kò ní san kọ́bọ̀ owó orí ní oṣù Kẹsàn-án, Kẹwàá àti Kọkànlá. Ní oṣù Kejìlá ni àpapọ̀ owó rẹ̀ yóò tó kọjá ààlà. Nǹkan bíi £145 yóò lọ lóṣù yẹn, £298 yóò sì máa lọ láti oṣù Kìíní. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ja òun lólè lásìkò Kérésìmesì gan-an tí àwọn ará ilé ń retí owó. Kò sí ẹni tí ó jà á lólè. Owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni kì í ṣe iye tí yóò máa gbà, ẹni tí ó bá sì fi ṣe òdiwọ̀n ìlérí ni ó máa ń há.

Òdìkejì rẹ̀ burú jù. Bí òṣìṣẹ́ tuntun kò bá kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní starter checklist, ọ́fíìsì owó oṣù gbọ́dọ̀ lo kóòdù 0T, tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ láìgba owó orí lórí rẹ̀. £508 ni yóò kúrò nínú owó oṣù Kẹsàn-án dípò òdo. Bí M1 bá sì wà lẹ́yìn kóòdù, oṣù kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí ẹni tí ó ń ka àwọn oṣù tí ó ti kọjá mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù tí ó bá dé kí wọ́n tó san owó àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì owó oṣù lè lò. Lẹ́yìn ìyẹn, HMRC nìkan ni ó lè yí kóòdù padà, lórí fóònù tàbí nínú àkáǹtì tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣí pẹ̀lú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, àlékún tí wọ́n gbà yóò padà nínú owó oṣù tí ó tẹ̀lé e.

Fọ́ọ̀mù kan náà ni ó ń béèrè bóyá ènìyàn jẹ gbèsè owó ẹ̀yáwó ilé-ẹ̀kọ́. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe èyí tí ènìyàn yá lọ́dọ̀ NELFUND. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ inú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí i tí wọ́n ń yọ owó fún gbèsè tí kò jẹ.

Ọ̀rọ̀ National Insurance kò gùn. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń lọ láti oṣù àkọ́kọ́ nígbà tí owó orí ṣì jẹ́ òdo. Ọ̀pọ̀ ń bínú pé àwọn ti san £1,035 lọ́dún fún ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń gba físà. Owó yẹn kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú National Insurance, bó ti wù kí ó dun ni tó.

Owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀, nítorí pé ènìyàn lè jáde níbẹ̀. Aládàáṣe ni ìwọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀wé jáde láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò gba owó tí ó san padà nípasẹ̀ agbanisíṣẹ́. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ ń san ohun tí ó ju ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù náà sí ètò ọ̀hún, èyí tí kò ní fún un ní owó ọwọ́ bí ó bá jáde. Àìmọ èyí ti mú kí àwọn kan sáré jáde nítorí £203.

Ibi tí ìjà wà gan-an ni èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé. Òfin iṣẹ́ ọdún 1996 sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìwé owó oṣù tí ó to àyọkúrò lẹ́sẹẹsẹ, àti pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gé owó rẹ̀ àfi bí òfin bá pa á láṣẹ, bí ó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́, tàbí bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Bí iléèwé bá ti yá olùkọ́ lówó ọkọ̀ òfuurufú tí òun náà sì fọwọ́ sí i, wọ́n lè gbà á padà. Owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ nítorí pé ó gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, ìyẹn Immigration Skills Charge, kò gbọ́dọ̀ dé orí olùkọ́ rárá, orúkọ yòówù kí wọ́n fi bò ó. Òfin ọdún 1996 náà kò dí agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti gba owó tí ó ṣèèṣì san lé padà. Ohun tí olùkọ́ lè béèrè ni ìṣirò tí ó ń fi hàn bí àṣìṣe náà ṣe wáyé, àti pé kí wọ́n pín in sí oṣù mélòó kan.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ojúmọ́ nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ agbani-síṣẹ́ (agency, tí ó ń wá iṣẹ́ fún ènìyàn), tí ó sábà máa ń jẹ́ ọkọ tàbí aya tí ó tẹ̀lé ẹni tí ó ní físà, ní wàhálà mìíràn. Wọ́n ní £150 lójúmọ́, owó náà gba ọwọ́ umbrella company kọjá, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́ láàárín agency àti olùkọ́, National Insurance ti agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, sì ti jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó di ohun tí a ń pè ní owó oṣù. Kò lòdì sí òfin, nítorí pé £150 kọ́ ni owó oṣù láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ agbani-síṣẹ́ fún ènìyàn ní Key Information Document kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, àpẹẹrẹ iye tí yóò kù sì wà nínú ìwé náà. Òun ni ó yẹ kí a kà, kì í ṣe iye tí wọ́n pè lórí fóònù.

Lẹ́tà ìbéèrè kò nílò ìbínú. Oṣù wo, orúkọ àyọkúrò náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí ìwé, iye rẹ̀, kóòdù owó orí, àti ìbéèrè kan ṣoṣo: òfin tàbí ìwé àdéhùn wo ni ó pàṣẹ rẹ̀? Bí agbanisíṣẹ́ kò bá dáhùn, ẹgbẹ́ olùkọ́ ni ó kàn, lẹ́yìn náà ACAS, àjọ tí ó ń parí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, tí ẹjọ́ kò lè dé ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù ni wọ́n fi ń ka àkókò ẹjọ́ náà, kì í ṣe ọdún, nítorí náà ìforítì tí a mọ̀ ní Òkè-Mosàn kò ṣàǹfààní níbí.

Ti owó orí ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀: ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ọdún owó orí bá parí ni ènìyàn ṣì ní láti béèrè àlékún padà. Bí olùkọ́ wa bá padà sí Abẹ́òkúta ní ìparí oṣù Kẹjọ, ó ti san nǹkan bíi £1,490 owó orí láti oṣù Kẹrin, bẹ́ẹ̀ oṣù márùn-ún péré ni wọ́n kà fún un nínú £12,570 náà. Bí òfin bá ṣì kà á sí olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún yẹn, ohun tí ó lé ní £1,400 nínú rẹ̀ ni ó lè gbà padà. P85 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì lè fi í ránṣẹ́ láti ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú P45, ìwé tí iléèwé fún un nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ó tó kúrò, kí ó ti kó gbogbo ìwé owó oṣù rẹ̀ sórí fóònù ara rẹ̀, nítorí pé ojú ìkànnì tí iléèwé ń kó wọn sí sábà máa ń tì mọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn mọ́.