Òfo kì í ṣe òdo: bí NULL ṣe ń hùwà nínú JOIN àti GROUP BY

Kí a mú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ra kòkó ní Oǹdó. Ìwé méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ìwé àgbẹ̀ ní nọ́ńbà, orúkọ àti ìlú àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìwọ̀n ní nọ́ńbà ẹni tó gbé kòkó wá àti iye kílò. Àgbẹ̀ márùn-ún ni wọ́n: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ará Ìdànrè, ẹnì kẹta wá láti Ilé-Olújì, wọn kò kọ ìlú àwọn méjì tó kù. Ìlà mẹ́fà ló wà nínú ìwé ìwọ̀n. Àgbẹ̀ kìíní gbé 120 àti 80 wá, èkejì gbé 200, ẹ̀kẹta gbé 150. Àgbẹ̀ kẹrin gbé tirẹ̀ wá, àmọ́ bátìrì ìwọ̀n kú kí wọ́n tó ka kílò rẹ̀. Ìlà kẹfà jẹ́ 64, kò ní nọ́ńbà àgbẹ̀ rárá. Bóyá ọmọ kan ló gbé e wá, tí kò mọ nọ́ńbà bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ karùn-ún kò tíì gbé nǹkan kan wá. Àpapọ̀ gbogbo kílò inú ìwé ìwọ̀n jẹ́ 614.

NULL ni SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan nínú irú ìwé inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ń pe àyè tó ṣófo báyìí. Kì í ṣe 0. Ohun tó ń sọ ni pé "a kò mọ̀". Tí a bá bi SQL léèrè bóyá NULL àti NULL dọ́gba, kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. "A kò mọ̀" náà ni yóò tún sọ. Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nìkan sì ni JOIN, àṣẹ tó wà fún síso ìwé méjì, ti ń so ìlà pọ̀. Nítorí náà, tí a bá fi nọ́ńbà àgbẹ̀ so ìwé méjèèjì, 64 yẹn á pòórá, àpapọ̀ á di 550, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí owó ẹnì kan ló wà nínú 64 yẹn.

Ní ti LEFT JOIN, ìwé tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ ni kì í pàdánù ìlà. Tí ìwé ìwọ̀n bá ṣíwájú, 64 á dúró, àyè orúkọ rẹ̀ á ṣófo. Tí ìwé àgbẹ̀ bá ṣíwájú, àgbẹ̀ karùn-ún á hàn, 64 á tún lọ. FULL JOIN ń pa méjèèjì mọ́. Nínú àwọn ètò tó ń lo SQL, PostgreSQL ní i, MySQL kò ní. Ẹ sì ṣọ́ WHERE, tó ń yan ìlà tí a fẹ́. Tí a bá kọ WHERE kilo > 100 lẹ́yìn tí ìwé àgbẹ̀ ti ṣíwájú, àgbẹ̀ karùn-ún tí LEFT JOIN gbà sílẹ̀ á tún jábọ́. Inú ON, ibi tí a ti ń sọ ohun tí JOIN máa fi so ìlà pọ̀, ni kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà.

GROUP BY, tó ń pín ìlà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kò ṣe bíi JOIN. Gbogbo NULL ló ń kó sójú kan. Tí ìwé ìwọ̀n bá ṣíwájú tí a sì pín in sí ìlú-ìlú, Ìdànrè á ní 400, Ilé-Olújì 150, NULL 64. Ẹ yẹ inú NULL yẹn wò dáadáa: àgbẹ̀ kẹrin, tí a mọ̀ àmọ́ tí a kò mọ ìlú rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú kòkó tí a kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín.

Àwọn tó ń lo pandas, irinṣẹ́ Python fún irú iṣẹ́ yìí, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ó yí i padà: merge rẹ̀, tó dà bíi JOIN, máa ń so òfo mọ́ òfo, groupby rẹ̀ sì ń ju òfo nù àfi tí a bá kọ dropna=False.

SUM, tó ń ro iye pọ̀, àti AVG, tó ń wá ìpíndọ́gba, máa ń fo NULL. AVG máa fi 5 pín 614, yóò mú 122.8 jáde, bẹ́ẹ̀ ìlà mẹ́fà ló wà nínú ìwé.

Ibi tí COALESCE, tó ń fi iye tí a bá yàn rọ́pò NULL, ti ń ṣini lọ́nà nìyí. Tí ìwé àgbẹ̀ bá ṣíwájú, tí a sì ro kílò àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, NULL ni SUM máa gbé jáde fún ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún. COALESCE á sọ méjèèjì di 0. Òótọ́ ni fún ìkarùn-ún. Irọ́ ni fún ẹ̀kẹrin: kòkó rẹ̀ ṣì wà nínú ìsọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí a ka nọ́ńbà àgbẹ̀ tó wà nínú ìwé ìwọ̀n pẹ̀lú COUNT, kí a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ SUM kí a tó fọwọ́ kan COALESCE. Ìkarùn-ún á jẹ́ 0, ẹ̀kẹrin á jẹ́ 1. Ẹni tó bá ní 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ NULL ni kí wọ́n tún àpò rẹ̀ gbé sórí ìwọ̀n.