Ta Ló Mọ̀ Pé Ẹ Sùn Dáadáa?

Bí wọ́n bá bi yín láàárọ̀ pé ṣé ẹ sùn dáadáa, ẹ ó ní ẹ sùn dáadáa, a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ ò lá àlá, ẹ ò mọ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú, síbẹ̀ ẹ fọwọ́ sọ̀yà pé oorun náà dùn. Ẹni tí oorun ò dá lára náà mọ̀. Orí rẹ̀ á wúwo, á ní tàná kì í ṣe oorun.

Yoga Sutra, ìwé àtijọ́ tí wọ́n ní Patanjali kọ, ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yoga. Vyasa, tí àlàyé rẹ̀ lórí ìwé náà jẹ́ èyí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ lọ́wọ́ wa, dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní Íńdíà láyé àtijọ́. Èèyàn kì í rántí ohun tí kò kọjá lára rẹ̀ rí. Bí a bá jí tí a rántí pé oorun dùn, á jẹ́ pé nǹkan kan ń lọ nínú ọkàn lásìkò tí a rò pé ó dákẹ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí Patanjali fi ka oorun mọ́ oríṣi ìgbòkègbodò 5 tí ọkàn ń ṣe. Àwọn yòókù ni ìmọ̀ tó tọ́, ìmọ̀ òdì, èrò tó dúró lórí ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní nǹkan kan nídìí, àti ìrántí.

Ọ̀pọ̀ tó ń wá kọ́ yoga lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Kò burú. Àmọ́ nínú ẹsẹ 195 tó wà nínú ìwé náà (ẹ̀dà mìíràn ní 196), 3 péré ló sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi ara jókòó. Ọ̀rọ̀ ọkàn ló gba ìwé náà kan. Ẹsẹ kejì ní yoga ni kí ìgbòkègbodò ọkàn rọlẹ̀. Ẹsẹ kẹta ní bó bá ti rọlẹ̀, òǹwòran á wá wà bó ṣe rí gan-an.

Ta wá ni òǹwòran? Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Àwa tí a dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ara la máa ń yà sọ́tọ̀, a ó wá kó ọkàn àti ẹ̀mí pọ̀ sápá kejì. Ibòmíràn pátápátá ni yoga fa ìlà tirẹ̀ sí. Ara, èrò, ìbínú, ìrántí, títí dórí èyí tó ń sọ nínú wa pé “èmi ni mo ṣe é”, gbogbo wọn wà lápá prakriti, ìyẹn ohun gbogbo tó ṣeé rí tó sì ń yí padà, níbi tí òkúta àti igi wà. Purusha, òǹwòran náà, nìkan ló wà lódìkejì. Kì í ṣe nǹkan kan, kì í pinnu nǹkan kan, ìríran nìkan ló jẹ́. Samkhya, ilé ẹ̀kọ́ tí yoga ti yá àwòrán ayé rẹ̀, ka nǹkan 24 sápá kan, ó ka ẹyọ 1 yìí sápá kejì.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Èrò kan á yọjú pé mi ò tíì sanwó iná. Òmíràn á tẹ̀ lé e pé kí ló dé tí bàbá onílé ò tíì pè. Ẹ mọ ìgbà tí ti àkọ́kọ́ dé, ẹ mọ ìgbà tó lọ, ẹ sì mọ̀ pé èkejì ti gbapò rẹ̀. Patanjali ní ọkàn kò lè máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ara rẹ̀, torí òun náà wà lára ohun tí à ń rí. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan ta kò ó, wọ́n ní ọkàn ń mọ nǹkan, ó sì ń mọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdáhùn inú ìwé náà ni pé kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá sì ní ọkàn mìíràn ló ń wo àkọ́kọ́, ta ló ń wo èkejì? Ọ̀rọ̀ náà ò ní lópin, ìrántí á sì dàrú mọ́ra wọn.

Lójú tèmi, ibi tí àwọn oníyoga àti Samkhya ti ń bi ẹlòmíràn léèrè ni wọ́n lágbára sí jù. Bí purusha tí kì í ṣiṣẹ́ ṣe wá ń bá prakriti tí kò ríran ṣe pọ̀, wọn ò rí i ṣàlàyé délẹ̀. Samkhyakarika, ìwé àwọn Samkhya, fi wọ́n wé arọ tí afọ́jú gbé sẹ́yìn, tí ọ̀kan ní ojú, tí èkejì ní ẹsẹ̀. Shankara, àgbà Vedanta, ilé ẹ̀kọ́ Íńdíà mìíràn, gbá wọn mú níbẹ̀: arọ lẹ́nu tó fi ń júwe ọ̀nà, purusha yín ńkọ́, tí kì í ṣe ohunkóhun?

Vedanta ti Shankara yìí náà ló ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń wòran nínú gbogbo wa. Yoga ò sọ bẹ́ẹ̀. Purusha pọ̀ lọ súà, torí bí wọ́n bá bí ẹnì kan, kì í ṣe gbogbo ayé ni wọ́n bí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín nínú fídíò pé yoga ní ọ̀kan náà ni gbogbo wa, Vedanta ló ń sọ. Mi ò bá a wí jù. Swami Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn ará Íńdíà tó gbé ìwé rẹ̀, Raja Yoga, jáde ní 1896 ni ọ̀pọ̀ èèyàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ti gbọ́rọ̀ Patanjali, onívedanta paraku sì ni.

Ṣé sáyẹ́ǹsì ti fìdí purusha múlẹ̀? Rárá o. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọpọlọ gbà pé inú ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹ lè fara mọ́ tiwọn, kí ìjókòó náà sì ṣe yín láǹfààní.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni bí èèyàn ò ṣe ní ronú rárá. Ẹ má bá èrò jà, torí èrò mìíràn ni ìjà náà. Ẹ jókòó sórí àga bí ilẹ̀ bá ni yín lára, kí ẹ̀yìn nà, kí ẹ fọkàn sí èémí bó ṣe ń gba imú wọlé. Bí èrò bá gbé yín lọ, tí ẹ bá ti fura, ẹ padà síbi èémí. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú. Patanjali fúnra rẹ̀ ní kó pẹ́, kó má sì já. Ẹni tí dókítà ń tọ́jú lórí àìsàn ọpọlọ, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Bí jíjókòó bá sì ń kó ẹ̀rù bá yín, ẹ lajú sílẹ̀, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀. Kò pọn dandan lọ́jọ́ náà.