Ṣé Lóòótọ́ ni pé Ẹrù Wíwúwo Kì Í Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Ṣubú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tó bá ti wúwo kì í ṣubú bọ̀rọ̀, àti pé tírélà tí ẹrù rẹ̀ kún dẹ́nu máa ń rìn gúnlẹ̀ ju èyí tí kò rù púpọ̀ lọ. Èrò náà kò ṣàdédé wáyé. Bí a bá fi ọwọ́ ti àgbá òfìfo, yóò ṣubú. Bí a bá pọn omi kún un, ẹni tó ń tì í ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ wa kì í pọ̀ sí i nítorí pé ohun tí a ń tì wúwo.

Ti kọ́nà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹrù inú rẹ̀ ṣì fẹ́ máa lọ síwájú tààrà, bí ẹrù náà bá sì ṣe wúwo tó ni ipá tó fi ń fa ọkọ̀ síta yóò ṣe pọ̀ tó. Bí a bá sọ ẹrù di ìlọ́po méjì, ohun tó mú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, ohun tó fẹ́ dà á nù náà sì di ìlọ́po méjì, ni ìwúwo bá pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú ìṣirò. Ohun tó kù ni bí kọ́nà ṣe há tó, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ojúko ìwúwo ṣe ga tó, àti eré tí awakọ̀ ń sá. Eré yìí ló burú jù, nítorí pé bí ó bá di ìlọ́po méjì, ipá tó ń ti ọkọ̀ síta di ìlọ́po mẹ́rin.

Ojúko ìwúwo ni ibi tó dà bí ẹni pé gbogbo ìwúwo nǹkan kóra jọ sí. Bí ìlà tí a fà láti ibẹ̀ wá sílẹ̀ tààrà bá bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ tí nǹkan náà fi dúró, kò ní ṣubú; bí ó bá yọ síta, ó tán. Ọkọ̀ tí táyà ọ̀tún àti tòsì rẹ̀ fi mítà 2 jìnnà síra, tí ojúko ìwúwo rẹ̀ sì ga ní mítà 1, lè fẹ̀gbẹ́ dé ìwọ̀n dígírì 45 kó tó ṣubú. Bí ojúko náà bá gòkè dé mítà 2, kò ní kọjá dígírì 27. Kọ̀nténà ga ju mítà 2.5 lọ, orí pẹpẹ tírélà tó ti ga tẹ́lẹ̀ sì ni wọ́n ń gbé e lé. Bí wọn kò bá wá fi ìdè irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dè é, ó lè fi tírélà sílẹ̀ kó já bọ́ lọ́tọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀nténà wó lé bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gba, l'Ékòó, ènìyàn 9 sì kú.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè mú ike omi méjì tó dọ́gba, kó rọ yanrìn gbígbẹ kún ọ̀kan dé ọrùn, kó sì rọ èkejì dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Kó gbé wọn sórí pátákó, kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí ìdí wọn kí wọ́n má bàa yọ̀, kó wá máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan pátákó náà sókè díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wúwo ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Àwọn ará Sweden ti fi ọkọ̀ ojú omi san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, Vasa, ọkọ̀ ogun ọba wọn tó ru ìbọn àgbá 64, gbéra ní Stockholm. Kò rìn tó kìlómítà kan ààbọ̀ tí afẹ́fẹ́ fi dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, tó sì rì. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ní kí ọgbọ̀n ọkùnrin máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sí èkejì, ọkọ̀ náà sì mì débi pé wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó lọ, èyí tó jọ mí lójú ju rírì rẹ̀ lọ. Òkúta tó tó 120 tọ́ọ̀nù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fi kún un, ihò ìbọn ìsàlẹ̀ ì bá sún mọ́ omi jù. Ìrísí rẹ̀ ni kò dára láti ìgbà tí wọ́n ti ń kàn án: òkè rẹ̀ pọ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ti táńkà epo tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí kò bá kún, epo inú rẹ̀ á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń fì sí, ojúko ìwúwo á sì tẹ̀ lé e lọ.

Àwọn kan á ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, nítorí náà kẹ̀kẹ́ Márúwá kò léwu. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìmì yàtọ̀ sí àìṣubú. Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà bí ibùdúró rẹ̀, ìyẹn ààyè ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣe ń lọ síwájú ló ń tín-ín-rín. Èrò tó jókòó sí àárín ìjókòó ẹ̀yìn wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹni yìí kan náà bá lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta ibùdúró náà.