Ẹjọ́ Lochner àti Ìpínlẹ̀ New York

Ẹjọ́ Lochner àti Ìpínlẹ̀ New York ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, ọdún 1905. Òun ni àwọn onímọ̀ òfin sábà máa ń tọ́ka sí tí àríyànjiyàn bá dé lórí ibi tó yẹ kí agbára àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn parí sí, àti lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún wọn pé wọ́n ti kọjá ààyè wọn.

Òfin àti ẹ̀sùn

Ní 1895, ilé aṣòfin méjèèjì ní New York panu pọ̀ ṣe é lófin pé òṣìṣẹ́ bẹ́kìrì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ lóòjọ́ tàbí wákàtí 60 lọ́sẹ̀. Nígbà náà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bẹ́kìrì wà, níbi tí ooru àrò àti eruku fúláwà ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ fínra. Wọ́n bu ìtanràn 50 dọ́là lé Joseph Lochner, oníbẹ́kìrì ní ìlú Utica, pé ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ṣe ju iye wákàtí náà lọ. Henry Weismann, tó ti ṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ́kìrì nígbà tí wọ́n ń jà fún òfin yìí, ló tún wá gbẹnu sọ fún Lochner níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ìdájọ́

Adájọ́ 5 sí 4 ni wọ́n fi wọ́gi lé òfin náà. Adájọ́ Peckham, tó kọ ìdájọ́, ní òmìnira tí àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò kan ẹ̀tọ́ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ láti bára wọn ṣe àdéhùn, àti pé iṣẹ́ búrẹ́dì kò léwu tó ohun tí ìjọba yóò tìtorí rẹ̀ dá sí i.

Adájọ́ Holmes, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, nínú àtakò kúkúrú tó dá kọ, ní ìwé òfin kò gbé èrò kan ga lórí ọrọ̀ ajé, àti pé ẹ̀tọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ èrò tiwọn di òfin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtakò Adájọ́ Harlan ló yẹ ẹ̀rí ìlera wò fínnífínní, tó sì ní níbi tí iyèméjì bá wà, ti aṣòfin ni kó lékè.

Àyọrísí

Ní 1917, ilé ẹjọ́ kan náà fọwọ́ sí òfin wákàtí 10 ti Oregon. Ní oṣù kẹta 1937, ó fi 5 sí 4 gba òfin owó oṣù tó kéré jù fún àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Washington, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí òpin ìlànà Lochner, ìyẹn fífi òmìnira àdéhùn wọ́gi lé òfin iṣẹ́. Àwọn kan ní àbá Ààrẹ Roosevelt láti fi adájọ́ kún ilé ẹjọ́ náà ló dẹ́rù ba àwọn adájọ́ tí wọ́n fi gba òfin yìí, ṣùgbọ́n oṣù kejì 1937 ni àbá yẹn jáde, nígbà tó jẹ́ pé àwọn adájọ́ ti dìbò lórí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní oṣù kejìlá 1936.