Ilé Àwọn Arúgbó tí Harriet Tubman Dá Sílẹ̀ ní Auburn

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wa máa yínmú bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé arúgbó. Ṣùgbọ́n òkété tí wọ́n ti ta àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmú ta ni yóò mu? Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Harriet Tubman rò mọ́ tirẹ̀ nígbà tó dá ilé kan sílẹ̀ ní Auburn, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ohun tí ayé mọ obìnrin yìí mọ́ ni pé ó sá kúrò lóko ẹrú ní Maryland lọ́dún 1849, tó sì ń yọ́ padà lọ kó àwọn ẹlòmíràn jáde. Wọ́n ti ta mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí ìhà gúúsù kó tó sá. Ní 1857, ó lọ kó bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti darúgbó, ó sì mú wọn dé Kánádà. Òtútù ibẹ̀ kò bá wọn lára mu rárá. Ní 1859, sẹ́nétọ̀ kan tó ń jẹ́ William Seward ta ilé kan pẹ̀lú ilẹ̀ éékà 7 fún un létí Auburn, ní àkókò tí òfin ṣì ka Harriet sí ẹrú tó sá. Ibẹ̀ ló gbé àwọn òbí rẹ̀ wá.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tó fòpin sí òwò ẹrú níbẹ̀, parí, ilé yẹn kì í ṣófo. Arúgbó, afọ́jú, ọmọ òrukàn, ẹni tó bá ṣáà ti kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sìn, ewébẹ̀ tó ń gbìn, àti ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ta á lọ́rẹ ló fi ń bọ́ wọn. Owó tí ìjọba ń fún un nítorí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó jẹ́ sójà, kò ju dọ́là 8 lóṣù. 1899 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 20.

Ní 1896, wọ́n ń lu ilẹ̀ éékà 25 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní gbàǹjo. Harriet lọ, kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, bí èso dúdú kan ṣoṣo nínú garawa wàrà. Ó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, ó sì ń fi dọ́là 50 lé 50, títí ó fi dé 1,450. Gbogbo ẹnu pa mọ́. Wọ́n béèrè ẹni tó rà á, ó sì ké láti kọ̀rọ̀ pé, "Harriet Tubman!" Wọ́n ní níbo ni ìyá arúgbó yìí ti fẹ́ rí owó san. Ó ní òun ń lọ sílé lọ sọ fún Jésù Olúwa. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an, àmọ́ ó tún fi ilẹ̀ náà dógò ní báńkì, ìjọ AME Zion tó ń lọ, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú, sì kọ́wọ́ tì í.

Gbèsè náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1903, ó fi ilẹ̀ náà lé ìjọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè parí iṣẹ́, wọ́n sì ṣí ilé arúgbó náà ní June 23, 1908. Ìjọ wá ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú dọ́là 100 wá. Inú bí Harriet. Ó ní òfin tí òun fẹ́ ṣe ni pé ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọlé! Òótọ́ ni pé oúnjẹ àti epo àtùpà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn tó kó jáde lóko ẹrú ni ìbá rí 100 mú wá?

Harriet kò bímọ nínú ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbà tọ́. Ní 1911, nígbà tí ara kò gbé e mọ́, wọ́n gba òun náà sínú ilé tó dá sílẹ̀. Òtútù àyà ló pa á níbẹ̀, ní March 10, 1913.

Ilé náà kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Ìjọ tún ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà ṣe, wọ́n sì ṣí i ní 1953. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtàn, tí àwọn àti ìjọ jọ ń bójú tó. Ní ti John Brown Hall, ilé bíríkì tí wọ́n ti tọ́jú àwọn arúgbó, ó ti wó. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn lọ hú jáde láàárín igi.